Ọwọ́ Pọ̀ Ju Ènìyàn Lọ

Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn Kilvarna wà,
níbi tí ilẹ̀ Áyálàǹdì ti tán
tí omi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ilẹ̀.
Èmi ni mo to àga lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn:
ọgọ́rin àga. Kò tó.
Àwọn tí kò yọjú sáàárín wa láti ìgbà ìsìnkú bàbá wọn
dúró ti ògiri, òjò ń kán lára ẹ̀wù wọn
bí ẹni pé òkun ló rán wọn wá jẹ́rìí.

Òtẹ́ẹ̀lì Ìràwọ̀ Òkun ló kó wa jọ.
Ó ti kú láti ọdún mọ́kànlá,
ẹyẹ etíkun ń yé ẹyin sí yàrá tí tọkọtaya ń sùn.
Ìjọba ní ogójì ènìyàn ó lé mẹ́ta
ń sá àsálà bọ̀ wá gbé ibẹ̀.
Ìwé tí wọ́n fi sọ fún wa kò ju ìpínrọ̀ méjì.

Fachtna ló kọ́kọ́ dìde. Apẹja ni tẹ́lẹ̀,
kí wọ́n tó ka ẹja fún un tí kò tó jẹ mọ́.
Ó ní, "Èmi ò kórìíra ẹnì kankan o, àmọ́..."
Mo ti gbọ́ "àmọ́" láyé mi.
Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń gbà sá lọ.
Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sòótọ́, irọ́ kọ́ ló ń pa:
dókítà kan ṣoṣo la ní, ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ló ń wá,
ọmọ Fachtna pẹ̀lú ìkókó ń sùn nínú ọkọ̀
nítorí owó ilé ti ga ju apá wọn lọ.

Ọmọkùnrin kan wá láti ìlú ńlá, a ò mọ̀ ọ́n rí,
ó fi àsíá bora bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán.
Ó kígbe: "Ta ni wá? Ta ni wá gan-an?"
Ìbéèrè náà gun òrùlé, kò sọ̀ kalẹ̀.
Èdè tí bàbá ńlá mi fi ń bú màlúù,
mi ò gbọ́ ju ìkíni nínú rẹ̀ lọ.
Ọmọ mi kan wà ní Pẹ́ẹ̀tì, ìkejì wà ní Tòróńtò.
Wọ́n ń fi wọ́n ṣẹ̀rín níbẹ̀:
bí wọ́n bá fẹ́ ka ẹẹ́ta, igi ni wọ́n ń pè.

Ìgbà náà ni Dympna na ọ̀pá rẹ̀ sókè.
Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin; orúnkún ò jẹ́ kó dìde.
"Ènìyàn mẹ́fà ló ń gbé pósí," ó ní.
"Mo ti ń kà yín láti ìgbà tí mo ti jókòó.
Ìwọ, ẹ̀yìn ń dùn ọ́. Ìwọ, o ò lè mí dáadáa.
Fachtna, o kúrú, màá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Mẹ́rin péré ni mo rí.
Ẹ dákun, nínú àwọn tó ń bọ̀ yẹn,
ṣé ẹni tó ga wà níbẹ̀?"

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́.

Alága ní kí ẹni tí kò fẹ́ wọn na ọwọ́.
Mo wo Fachtna, tó fà mí yọ nínú ìjì lọ́jọ́sí.
Mo na ọwọ́.
Ó ní kí ẹni tí yóò bá wọn tún ilé náà ṣe na ọwọ́.
Mo wo Dympna. Mo na ọwọ́.
Akọ̀wé kà á, ó pa á rẹ́, ó tún kà á:
ọwọ́ pọ̀ ju ènìyàn lọ.
Ó dé gègé rẹ̀.

Òru Ọjọ́ Ajé ni wọ́n dé, bọ́ọ̀sì kan, iná rẹ̀ ní pípa.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn.
Zurab ni òun ń jẹ́. Ó fọwọ́ júwe abẹ́rẹ́,
ó fọwọ́ júwe òwú: bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ti já.
Mo tú dúrọ́ọ̀ títí mo fi rí i.
Ó jókòó sórí àga tí Dympna jókòó lé, ó ń rán an,
èmi dúró tì í, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́,
mò ń fojú wọ̀n ọ́n láti orí dé bàtà.

Kò fi bẹ́ẹ̀ ga.